Wáyà Búráùn: Ìtàn Iná Inú Mọ́tò Àtijọ́ ní Ìbàdàn

Bí ẹ bá rìn láàárín àwọn ilé tí a kọ́kọ́ kọ́ sí Bódìjà, tí ẹ sì ní ojú láti wo ẹ̀yìnkùlé, ẹ óò rí ohun kan lábẹ́ igi máńgòrò, tàbí lábẹ́ páànù tí ó ti dípẹtà. Wọ́n ti fi tapólì bò ó. Adìẹ ti yé sí abẹ́ rẹ̀. Mọ́tò ni. Ó lè jẹ́ Morris Minor, ó lè jẹ́ Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá, ó sì lè jẹ́ Peugeot 403. Bàbá onílé ni ó rà á nígbà tí agbára ṣì wà. Nísinsìnyí bàbá ti lọ, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yóò dìde, yóò ní: "Ẹ jẹ́ kí a jí mọ́tò Bàbá."

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. Irin ni ẹ́ńjìnnì, ojú ń rí i, ọwọ́ ń kàn án, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè tú u kí ó tún un tò. Ohun tí yóò dá a dúró ni wáyà. Bí ó bá tẹ orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò rí ohun tí ó dà bí ìfun ẹran tí a da sílẹ̀ ní ọjà: òmíràn pupa, òmíràn dúdú, òmíràn kò ní àwọ̀ kankan mọ́, òmíràn sì wà tí a gé tí a kò so mọ́ ohunkóhun. Ta ni ó so èyí? Níbo ni tọ̀hún ń lọ? Ìbéèrè ìtàn nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí wáyà gbà, àfi kí ó mọ ọ̀nà tí mọ́tò fúnra rẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn mọ́tò ayé ìgbà náà kò ní wáyà tó èyí tí ènìyàn yóò fi dàrú. Iná iwájú wọn, kábáìdì ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń dè mọ́ orí wọ inú igbó lóru: omi a kán sí kábáìdì, gáàsì a jáde, wọn a ṣáná sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde, irin ni wọ́n ń tì bọ iwájú rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yí, irin a ta padà, a sì ṣẹ́ ẹ ní ọrùn ọwọ́. Ní ọdún 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò tí iná ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Charles Kettering ni ó ṣe ẹ̀rọ náà. Ford Model T, tí wọ́n ń ṣe láti 1908 sí 1927, kò ní irú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ títí di ọdún 1919. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọlọ́lá Ìbàdàn bíi Salami Àgbájé bẹ̀rẹ̀ sí í gun mọ́tò, ọmọ iṣẹ́ tí ń yí irin níwájú ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju ẹni tí ó mọ̀ nípa iná lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bátìrì wọ inú mọ́tò, ó di ilé onílé-ogún: iná iwájú, iná ẹ̀yìn, fèrè, ohun tí ń nu gíláàsì, kíìkì tí ń yí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn ni ó ń fẹ́ wáyà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kékeré fún ẹ̀yin ọmọdé. Iná a jáde láti orí bátìrì, a gba inú wáyà dé gílóòbù, a tan án, ṣùgbọ́n kò lè parí síbẹ̀. Àfi kí ó padà sílé. Àwọn tí wọ́n ṣe mọ́tò wá rò ó pé irin ni ara mọ́tò láti orí dé ẹsẹ̀, kí ni a tún ń wá wáyà àbọ̀ sí? Wọ́n so ẹnu bátìrì kan mọ́ ara mọ́tò, ara mọ́tò sì di ọ̀nà àbọ̀ fún gbogbo iná. Àwọn oníṣẹ́ wa ń pe èyí ní ẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà tí ń gbé iná lọ bá fara kan ara mọ́tò láì gba inú gílóòbù tàbí ẹ̀rọ kankan kọjá, iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sílé nìyẹn. Gbogbo agbára bátìrì yóò já sínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wáyà yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò gbiná. Ẹ rántí èyí, nítorí mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni mọ́tò wá pọ̀ ní Ìbàdàn ní tòótọ́. Wọ́n dá Yunifásítì sílẹ̀ ní 1948. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣí ní 1957. Kòkó ń mówó wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń gba owó ìyá-ra-mọ́tò, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì pọ̀ ní Dùgbẹ̀. SCOA ni oní-Peugeot, Mandilas ni oní-Volkswagen, UAC àti àwọn mìíràn ń ta ti Gẹ̀ẹ́sì. Morris Minor, tí wọ́n ṣe láti 1948 sí 1971, ni ọkọ̀ tíṣà àti akọ̀wé. Ìjàpá ni ọkọ̀ ẹni tí kò fẹ́ wàhálà omi, nítorí atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Peugeot ni ọkọ̀ ẹni tí ń rin ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ ilẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Faransé, gbogbo wọn sì ń yí po lójú títì kan náà láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá.

Ohun tí ẹni tí ń ra mọ́tò kò mọ̀ ni pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti fi òfin tirẹ̀ sínú wáyà. Lucas ti Birmingham ni ó ń ṣe ohun èlò iná fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì. Ní inú ọkọ̀ wọn, wáyà búráùn ni ó ń gbé iná tààrà láti ọ̀dọ̀ bátìrì. Bí ẹ pa kọ́kọ́rọ́, bí ẹ kò pa á, iná wà nínú rẹ̀, kò sì gba inú fíúsì kankan. Funfun ni èyí tí ó ń jí nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Aláwọ̀ ewé náà ń dúró de kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó ti gba inú fíúsì kọjá. Elésè àlùkò gba inú fíúsì, ṣùgbọ́n kì í sùn. Búlúù ni ti iná iwájú, pupa ni ti iná kékeré ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, èyí tí a ń dè mọ́ ara mọ́tò.

Ẹ wá gbọ́ ti Jámánì. Ní inú ìjàpá àti Mercedes, pupa ni ó ń ti bátìrì bọ̀ tààrà. Dúdú ni ó ń jí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Búráùn ni ẹ́ẹ̀tì!

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wáyà búráùn tí ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ jù lọ nínú ọkọ̀ Jámánì, tí a lè fi ọwọ́ lásán dè mọ́ ara mọ́tò, òun náà ni ó burú jù lọ nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jámánì ṣe ohun rere kan, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹnu ibi tí wáyà ti ń wọlé: 30 ni iná tààrà, 15 ni ti kọ́kọ́rọ́, 31 ni ẹ́ẹ̀tì, 50 ni ti kíìkì. Ẹni tí ó mọ nọ́ńbà yìí lè tún ìjàpá ṣe nínú òkùnkùn. Ní inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Faransé ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀: òrùka rọ́bà aláwọ̀ ni wọ́n fi sí ìpẹ̀kun wáyà, bí òrùka náà bá ti yọ̀ bọ́, ó parí.

Èdè wa náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn baba wa ní pupa, funfun àti dúdú. Nínú "pupa" ni epo wà, ibẹ̀ náà ni ìyeyè wà, ibẹ̀ náà ni wáyà búráùn wà. Nínú "dúdú" ni aró wà, ibẹ̀ sì ni ewé tútù wà pẹ̀lú. Èdè tí ó tó fún aṣọ àti ẹran ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá kan bá wà lábẹ́ mọ́tò tí ó ké sí ọmọ iṣẹ́ pé, "So dúdú mọ́ ara ọkọ̀," ọmọ iṣẹ́ náà lè mú búlúù tí epo ẹ́ńjìnnì ti bò. Ìdí nìyí tí àwọn rìwáyà wa fi yá búráùn, búlúù àti yẹ́lò lò láìtijú. Orúkọ iṣẹ́ wọn gan-an, yíyá ni. Ẹni tí ń tún wáyà nà ni ó túmọ̀ sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi kan jogún Morris Minor lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ní Bódìjà níhìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe rìwáyà kan. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ìdí ìjàpá ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ó tú ẹnu bátìrì gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ó wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí wáyà búráùn kan tí ó bọ́ kúrò lẹ́yìn bọ́tìnnì iná iwájú. Ní òtítọ́, wáyà náà ní ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ lára, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ogójì ọdún ti bo ìlà náà mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ́ẹ̀tì ni èyí, ó ti já." Ó wá nọ́ọ̀tì, ó dè é mọ́ irin ara ọkọ̀ pinpin. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi so bátìrì padà.

Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Èéfín kò kọ́kọ́ jáde. Òórùn ni ó kọ́kọ́ dé, òórùn rọ́bà tí ń jó. Lẹ́yìn náà ni èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn aago tí ń ka ìrìn mọ́tò, bí ìgbà tí ènìyàn ń fín taba. Fíúsì kò já. Báwo ni yóò ṣe já? Fíúsì méjì péré ni Morris Minor ní, wáyà yìí kò sì gba inú èyíkéyìí. Ọmọ náà, tí kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ, ni ó gbà wá: ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó fa ẹnu bátìrì tu. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, à bá sun mọ́tò náà pẹ̀lú igi máńgòrò tí ó ṣíji bò ó. Ìdì wáyà láti dáṣíbọ́ọ̀dù dé ẹnu ẹ́ńjìnnì ti yọ́ pọ̀ di ọ̀kan bí àkàrà tí ó jóná. Rìwáyà náà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a wí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà pé òfin méjì ni ó wà.

Bàbá àgbàlagbà kan ni ó tún mọ́tò náà ṣe níkẹyìn. Ó ti ń ṣe rìwáyà láti ìgbà tí trafíkétọ̀ ṣì jẹ́ apá. Ẹ̀yin ọmọdé, ṣé ẹ mọ ìdí tí à ń pe iná tí ń ṣẹ́jú nígbà tí mọ́tò fẹ́ yà ní trafíkétọ̀? Ní ayé ìgbà kan, kì í ṣe iná tí ń ṣẹ́jú rárá. Apá kékeré kan ni ó ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, iná pupa-rẹ́súrẹ́sú sì wà nínú rẹ̀. Morris Minor ń lo apá yìí títí di ọdún 1961; ìjàpá náà lò ó títí di nǹkan bí ọdún 1960. Apá náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ kù lẹ́nu wa. Bí ẹ bá rí wáyà méjì tí a gé nínú òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò àtijọ́, tí kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibi tí apá náà gbé rí ni.

Bàbá náà sọ fún wa pé kí ènìyàn tó fi ọwọ́ kan wáyà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ojú mọ́tò ti rí. Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè yìí ni ó wà nínú ìdì wáyà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ojú títì. Bí a bá gbé sítíà mọ́tò kan láti ọ̀tún sí òsì lẹ́yìn náà, wáyà rẹ̀ kò ní gùn tó mọ́, wọn yóò ti fi òmíràn sọ ọ́, àwọ̀ èyí tí wọ́n fi sọ ọ́ kò sì ní bá ti àtijọ́ mu. Ìjàpá títí di nǹkan bí ọdún 1967, bátìrì fóòtì mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Nígbà tí bátìrì fóòtì mẹ́fà wọ́n lọ́jà, àwọn ènìyàn sọ ọ́ di méjìlá. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gílóòbù iwájú tí ó jẹ́ wáàtì 45, bí ó bá jẹ́ ti fóòtì mẹ́fà, yóò fa ámípà méje àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti méjìlá, ìlàjì rẹ̀ ni yóò fà. Wáyà ìjàpá àtijọ́ nípọn nítorí èyí, ìyípadà náà kò sì pa á lára. Ṣùgbọ́n gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá gbàgbé láti pààrọ̀ yóò kọ mànà, yóò kú. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó, Leyland náà sì to ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ohun èlò ọkọ̀ kan ti rọrùn láti bá pàdé nínú ikùn ọkọ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya. Omi gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò. Mọ́tò tí omi bá mù, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ tí ó ń dán, omi ti gba ẹnu wáyà wọ inú, bàbà ibẹ̀ yóò di aláwọ̀ ewé, yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ọ̀nà tí bàbá náà gbà tọpasẹ̀ wáyà kò ní idán nínú. Ó tú bátìrì gbé kúrò, ó gbé e jìnnà. (Bí ó bá jẹ́ ìjàpá ni, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ẹ óò ti bá bátìrì, ẹ ṣọ́ra fún irin inú ìjókòó náà, bí ẹni tí ó sanra bá jókòó tí irin náà kan orí bátìrì, iná lè sọ.) Ó ní kí a má ṣe gé ohunkóhun, àní èyí tí ó dájú pé kò wúlò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́, kì í ṣe láti ìdí bátìrì: ó dúró níbi iná ẹ̀yìn, ó di wáyà rẹ̀ mú, ó bá a bọ̀ síwájú títí ó fi wọ inú ìdì. Ó nu ún pẹ̀lú àkísà tí ó fi kẹrosíìnì díẹ̀ rẹ. Nígbà tí ó nu ún, àwọ̀ jáde! Lára èyí tí a pè ní dúdú ni pupa ti yọ. Níbi tí wáyà bá ti sọnù sínú ìdì, ó mú tọ́ọ̀ṣì tí ó ti tú, ó fi òpin wáyà kan sí ìhín, ó ń fi ekejì kan ẹnu àwọn wáyà ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá tan gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, òun ni ìbejì rẹ̀.

Bàbá náà kò mọ̀wé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa ń rán aṣọ. Ó tọrọ òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpẹ̀kun wáyà méjì tí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ó so òwú kan náà mọ́ wọn, ó ta á ní kókó: kókó kan fún iná ẹ̀yìn, méjì fún fèrè, mẹ́ta fún ohun tí ń nu gíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nì jókòó tì í, ó ń kọ ohun tí kókó kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Wáyà titun wọn wá láti ọjà ohun èlò mọ́tò ní Gate, wọ́n sì ra àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti wí. Níbi tí wọn kò ti rí elésè àlùkò, wọ́n fi òmíràn rọ́pò, ọmọ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò láti so bátìrì, ojora mú gbogbo wa. Bàbá náà kò so ó tààrà. Ó mú gílóòbù iná bíréèkì kan, ó fi sí àárín ẹnu bátìrì àti wáyà rẹ̀, kí iná lè kọ́kọ́ gba inú gílóòbù náà kí ó tó wọ inú mọ́tò. Ó ní bí a bá tún ti ṣìṣe níbìkan, gílóòbù ni yóò tàn, wáyà kò ní jó. Òun nìkan ni mo rí nínú gbogbo iṣẹ́ náà tí mo rò pé kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní irú mọ́tò yìí nílé ṣe bákan náà; gílóòbù kan kò wọ́n. Ohun kan tún wà tí ó fi hàn wá níbẹ̀: nínú Morris yìí, ẹnu bátìrì tí ó jẹ́ pósítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò, kì í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù gẹ́gẹ́ bí ti òde òní. Ẹni tí ó bá fi ọ́tánétọ̀ titun sí i láìmọ̀, yóò jó o lójú ẹsẹ̀.

Ó fi wáyà kan bátìrì. Gílóòbù náà kò tàn. Ó ní kí ọmọ náà fa bọ́tìnnì iná kékeré. Gílóòbù tí ó wà lọ́wọ́ bàbá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ náà sì sáré lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń pariwo pé méjèèjì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà nínú àpótí ibọ̀wọ́ Morris náà títí di òní, òwú sì ṣì wà lára àwọn wáyà. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ni ó ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé: BÚRÁÙN KÌ Í ṢE Ẹ́Ẹ̀TÌ NÍHÌN-ÍN.